Ohun Tí Mi Ò Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Yunifásítì tún ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti Níígàtà,
àpótí kéékèèké, ìbéèrè mọ́kànlá.
"Ǹjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé lọ́dọ̀ yín tẹ̀ síwájú nínú èdè wa?"
Kí n fa ìlà sí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́".
Mo fa ìlà sí "bẹ́ẹ̀ ni". Kì í ṣe irọ́.
Ṣùgbọ́n àpótí yẹn kéré, ọ̀rọ̀ ò wọ inú rẹ̀.

Ìkítọ́ọ̀sì ni Nélida ti wá, ní ilẹ̀ Pẹ́rù,
níbi tí ooru kì í ti í sinmi.
Ọjọ́ tó dé Tokamáṣì, yìnyín ti ga dé fèrèsé mi.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ ahọ́n síta
bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀.
Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rí ẹ̀rín mi.

Inú ìwé ló ti kọ́ èdè, ọdún mẹ́ta gbáko.
Ó mọ bí a ṣe ń kí ọba;
kò mọ bí a ṣe ń sọ pé "omi ti gbóná, lọ wẹ̀ kó tó tutù".
Ó ń bá ológbò mi sọ̀rọ̀
bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́.

Alẹ́ kejì, ọbẹ̀ miso wà nílẹ̀, ẹja wà nílẹ̀.
Ó tẹríba, ó ní:
"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú hàṣí."

Háṣì ni igi méjì tí a fi ń jẹun.
Hàṣí ni afárá.
Ohùn nìkan ló yà wọ́n.
Ọmọ yìí jókòó ti oúnjẹ, ó ní kí n gbé afárá wá.

Tokuji ọkọ mi, ọgbọ̀n ọdún ló fi kun afárá odò Shinano,
ọ̀dà aláwọ̀ ewé.
Ọ̀dà náà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀
lọ́jọ́ tí a sun òkú rẹ̀.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Igi ìjẹun tirẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá,
nínú aṣọ búlúù, dúdú, orí ọ̀kan ti họ.
Nílé wa, kálukú ló ní tirẹ̀,
a kì í fi ti ẹlòmíràn jẹun.
Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo gbé e fún un.
Ó gùn jù fún ọwọ́ rẹ̀. Tòfú bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Mo ní, "Gbé ohùn sókè, kí o wá sọ ọ́ kalẹ̀: há-ṣì."
Ó ní, "Há-ṣì."
Ológbò gbójú sókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Kíláàsì ní òwúrọ̀;
lọ́sàn-án, wọ́n kó wọn lọ wo bí a ṣe ń tẹ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ sórí yìnyín
kí oòrùn lè sọ ọ́ di funfun.
Ó béèrè bóyá òtútù kì í mú aṣọ náà.
Lẹ́nu Sekiya tó ń ta tòfú, ó kọ́ èébú mẹ́ta.
(Ìyẹn náà ò sí nínú fọ́ọ̀mù.)
Ó sọ fún mi pé odò ńlá ìlú àwọn kò ní afárá,
ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sọdá.
Mo ní, "Tokuji ì bá má ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀."
Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi tutù.

Ọjọ́ tó ń lọ, ó pè mí láti pápákọ̀ òfurufú.
Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.
"Ìyá, ẹ má bínú. Hàṣí yín wà nínú àpò mi."
Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò tún un ṣe.

Ìbéèrè kọkànlá:
"Ǹjẹ́ ohunkóhun sọnù nínú ilé yín?"
Mo fa ìlà sí "bẹ́ẹ̀ kọ́".